Wákàtí kan lọ́sẹ̀: bí Yúróòpù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbègbè kan wé èkejì lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àjọ NBS tó ń bá ìjọba Nàìjíríà ka iye nǹkan gbé ìròyìn kan jáde tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín, tó sì bí àwọn mìíràn nínú. Ìdá àwọn tí kò ríṣẹ́ ṣe, tó jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí 2020, ti já wálẹ̀ sí 4.1 ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ṣé iṣẹ́ ti wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì ó lé díẹ̀? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ dánfó láàárọ̀ ní Ọ̀ṣòdì. Iṣẹ́ ò pọ̀ sí i, kóńgò ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá pé ogún wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni NBS kà á sí. Ní báyìí, ẹni tó bá ti ṣe wákàtí kan péré tó mówó wọlé, ó ti bọ́ kúrò nínú wọn.

NBS kọ́ ló dá wákàtí kan yẹn sílẹ̀. Geneva ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1982, ní ìpàdé àwọn oníṣirò tí ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, pè. Ní Yúróòpù, orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn nípa ìjọba agbègbè wo ló mọ̀ ọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ dúró lé títí dòní. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n rìn jìnnà.

Níbẹ̀rẹ̀, oníkálukú ló ń ka tirẹ̀. Ní 1901, ìlú Ghent ní Belgium dá àpò owó kan sílẹ̀, Louis Varlez, lọ́yà kan níbẹ̀, ló wà nídìí ètò náà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó bá ń fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lówó oúnjẹ, ìlú á bu díẹ̀ kún un. Norway gba irú ètò yìí ní 1906, Denmark ní 1907. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 1910, ìjọba ṣí àwọn ọ́físì ìwáṣẹ́ tirẹ̀. Winston Churchill ni mínísítà tó gbé òfin ọ̀hún kalẹ̀, William Beveridge sì ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Nítorí náà, ní Ghent, aláìríṣẹ́ ni ẹni tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀ sí aláìríṣẹ́. Ní London, ẹni tó wá tò síwájú kántà ni. Obìnrin tí kò wọ ẹgbẹ́ kankan, tí kò sì tò síbì kankan, kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ wá iṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ibì kan wà ní Austria tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Marienthal ni wọ́n ń pè é, ní Gramatneusiedl, kò jìnnà sí Vienna. Ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ṣoṣo ló ń bọ́ tilé toko níbẹ̀. Bí ọ̀dá owó ti ìparí àwọn ọdún 1920 ṣe dé, ó kógbá sílé. Ní 1931, àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí wá láti Vienna, Marie Jahoda àti Paul Lazarsfeld wà lára wọn. Wọn ò kàn béèrè pé ta ló níṣẹ́, ta ni kò ní. Wọ́n yẹ oúnjẹ tí ọmọ ń gbé lọ sílé ìwé wò, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ owó ìrànwọ́ àti lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹnìkan tilẹ̀ fara pamọ́ sójú fèrèsé, aago wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo bí àwọn èèyàn ṣe ń rìn lójú títì. Nínú ọkùnrin 33 tí wọ́n fi aago ṣọ́, 18 ló ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ, bíi kìlómítà mẹ́ta ní wákàtí kan. Nínú obìnrin 17, mẹ́rin péré ló rìn bẹ́ẹ̀, torí oúnjẹ wà lórí iná, aṣọ wà nínú omi. Àwọn ọkùnrin tí gbogbo ọjọ́ jẹ́ tiwọn gan-an ni kò rí ibi tí wọn yóò kánjú lọ.

N kò tíì rí ìṣirò àìríṣẹ́ mìíràn tó wọ èèyàn lára tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kan ṣoṣo ni. Kò sí ìlú kejì tí wọ́n lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọ́físì oníṣirò Yúróòpù, tí wọ́n wá ń pè ní Eurostat, bẹ̀rẹ̀ ní 1953, nígbà tó jẹ́ pé èédú àti irin nìkan ló so orílẹ̀-èdè mẹ́fà pọ̀. Ní 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti máa lọ bá ìdílé nínú ilé wọn pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Láti 1983 ó di ọdọọdún, òfin kan ní 1998 sì sọ ọ́ di iṣẹ́ tí kì í dáwọ́ dúró yípo ọdún. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn kò ní béèrè pé ṣé aláìríṣẹ́ ni yín. Ohun tó máa béèrè ni pé: lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ẹ ṣe iṣẹ́ kankan fún owó, bó tilẹ̀ jẹ́ wákàtí kan? Bí ẹ bá ní rárá: ṣé ẹ ti wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn? Bí ọ̀kan bá yọjú lónìí, ṣé ẹ lè bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé? Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, òun ni aláìríṣẹ́, ì báà ṣe ní Sicily tàbí ní Stockholm. Ẹni tí ó ti rẹ̀ débi pé kò wá iṣẹ́ mọ́ kò sí nínú wọn. Àbùkù ìbéèrè yìí nìyẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀.

Síbẹ̀, àǹfààní rẹ̀ ni pé ìjọba kan ò lè dá nìkan tẹ ìdí kóńgò wọnú. Ní 1982 yẹn kan náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yí kíkà tirẹ̀ padà: dípò ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pé òun ń wáṣẹ́, ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ nìkan ni wọ́n ń kà. Iye náà wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ẹnìkan tuntun ríṣẹ́.

Òṣùwọ̀n ti wà, agbègbè wá ńkọ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Eurostat pín máàpù Yúróòpù sí ipele mẹ́ta, wọ́n pè é ní NUTS. Ipele kejì ni gbogbo èèyàn ń wò jù, èyí tí wọ́n ṣírò fún èèyàn 800,000 sí mílíọ̀nù mẹ́ta. Ìlú Hamburg nìkan jẹ́ ẹyọ kan lórí máàpù yẹn, gbogbo orílẹ̀-èdè Luxembourg náà jẹ́ ẹyọ kan. Nígbà tí owó ìdàgbàsókè agbègbè wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti 1975, ìlà orí máàpù di ọ̀rọ̀ ikùn. Nígbà tó yá, agbègbè tí ọrọ̀ rẹ̀ lórí olúkúlùkù kò bá tó 75 nínú ọgọ́rùn-ún ti Yúróòpù ló ń rí èyí tó pọ̀ jù gbà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Ireland, ṣùgbọ́n ọrọ̀ Dublin ti fẹ́ gbé gbogbo wọn kọjá 75 yẹn. Kí ni wọ́n ṣe? Ní 1999 wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, kí apá ìwọ̀-oòrùn, àárín àti ẹnubodè, tí kò lówó, lè máa jẹun nìṣó. Àwa tí a rí bí Èkó ṣe sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57 mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa.

Títí di àkókò yìí, àwọn aláìríṣẹ́ ni wọ́n ń kà. Ohun tí ìjọba ń ṣe fún wọn kò tíì sí lórí òṣùwọ̀n. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Àdéhùn Amsterdam sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ di ti gbogbo Yúróòpù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Yúróòpù pàdé ní Luxembourg, wọ́n ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn yòókù yẹ̀ ẹ́ wò lójú ara wọn. Kò sí owó ìtanràn níbẹ̀, ìtìjú ni pàṣán. Ní Lisbon, ní oṣù Kẹta 2000, wọ́n ní kí 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó wà lọ́jọ́ orí iṣẹ́ níṣẹ́ lọ́wọ́ títí di 2010. Ọdún 2010 dé, wọn ò débẹ̀.

Àròpín orílẹ̀-èdè sì máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ iye ti Italy lápapọ̀, nígbà tí Bolzano lókè ń bá àwọn ará Austria dọ́gba, tí Calabria àti Sicily nísàlẹ̀ sì pẹ́ lọ́dún púpọ̀ láìní iṣẹ́ fún ìdajì àgbàlagbà wọn? Ìdí nìyí tí Jacques Santer, olórí Ìgbìmọ̀ Yúróòpù nígbà náà, fi dá a lábàá ní 1996 pé kí agbègbè máa bá ara wọn dá májẹ̀mú iṣẹ́: ìjọba ìlú, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ nídìí tábìlì kan. Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní Austria ó fìdí múlẹ̀ dé gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá kọ́ èèyàn níṣẹ́ ọwọ́, tí èkejì san lára owó oṣù fún agbanisíṣẹ́, kí la ó fi wọ̀n wọ́n pọ̀? Iye ẹni tó ríṣẹ́? Ta ló bá a wá a?

Ìbéèrè yẹn gan-an ló tú àṣírí Jámánì. Àjọ ìwáṣẹ́ wọn ní Nuremberg ní ẹ̀ka bíi 180, iye ẹni tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan bá báṣẹ́ fún sì ni ìyìn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, àwọn olùyẹ̀wéwò ìjọba àpapọ̀ tú ìwé ẹ̀ka márùn-ún, Dortmund àti Bremerhaven wà lára wọn. Nínú mẹ́wàá tí wọ́n kọ pé àwọn báṣẹ́ fún, bíi méje ni kò ní ẹ̀rí tó mọ́gbọ́n wá. Ọ̀gá àgbà àjọ náà, Bernhard Jagoda, fi ipò sílẹ̀. Gerhard Schröder, olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, ní kí Peter Hartz ti Volkswagen kó ìgbìmọ̀ jọ, láti inú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ni òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2005 ti jáde, èyí tó gé owó ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ láìríṣẹ́ kúrú. Títí dòní, bí ẹ bá dá orúkọ Hartz láàárín àwọn òtòṣì Jámánì, ẹ ó gbọ́ òṣé.

Lẹ́yìn ìtìjú yẹn ni wọ́n wá ṣe ohun tí mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n ti ṣe látilẹ̀. Àwọn olùwádìí àjọ náà ní kò bójú mu láti fi Munich wé ìlú kan ní ìlà-oòrùn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kú lẹ́yìn ìṣọ̀kan 1990, kí a wá sọ pé òṣìṣẹ́ ọ́físì ibẹ̀ ló ya ọ̀lẹ. Wọ́n kó ẹ̀ka tó jọra sọ́nà kan: bí èèyàn ṣe kún ibẹ̀ tó, bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò láti ìgbà òtútù sí ìgbà ooru, bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìjàpá ń bá ìjàpá sáré nìyẹn. Ní Denmark, wọ́n sọ ìjọba ìbílẹ̀ 271 di 98 ní 2007, wọ́n fà ọ̀rọ̀ ìwáṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́ pátápátá ní 2009, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wo iye ẹni tó ń gba owó ìrànwọ́ nílùú tirẹ̀ àti nílùú kejì.

Ní oṣù Kẹwàá 2020, àjọ ìwáṣẹ́ ìpínlẹ̀ Niederösterreich ní Austria bẹ̀rẹ̀ ètò kan: gbogbo ará ìlú tó bá ti lé lọ́dún kan láìríṣẹ́, ìjọba á rí i pé iṣẹ́ wà fún un. Gramatneusiedl, ibi tí Marienthal wà, ni wọ́n mú. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì láti Oxford ló ń wọ̀n ọ́n. Wọn ò rí ìlú kan tó jọ ọ́ délẹ̀, wọ́n bá bu díẹ̀ lára ìlú yìí, díẹ̀ lára ìlú yẹn, bí ẹni po àgbo, títí wọ́n fi rí ìlú kan lórí ìwé tó bá Gramatneusiedl dọ́gba kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Àìríṣẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá níbẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, wọ́n tún bi àwọn èèyàn léèrè bóyá ọjọ́ wọn ní ètò, bóyá wọ́n ń rí ẹlòmíràn bá sọ̀rọ̀, àwọn nǹkan tí Marie Jahoda sọ pé iṣẹ́ ń fún èèyàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwé ìbéèrè ni wọ́n há fún wọn. Kò sẹ́ni tó dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú aago.