Ohun Tí Kóòṣì Yunifásítì Amẹ́ríkà Ń Wò Lára Agbábọ́ọ̀lù

Ẹni tó máa dí àyè tó fẹ́ ṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ni kóòṣì yunifásítì ní Amẹ́ríkà ń wá. Ẹni tó kàn mọ bọ́ọ̀lù gbá pọ̀ nílẹ̀. Bí adẹ́yìnmú ọwọ́ òsì rẹ̀ bá máa gboyè jáde lọ́dún méjì sí i, ó ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì nìyẹn. Ti aṣọ́lé ló le jù: mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹgbẹ́ sábà máa ń ní, ẹnì kan ló sì ń ṣọ́ ilé. Aṣọ́lé tó gbóná lè kọ̀wé sí ogójì ilé ìwé kó má rí èsì kankan, nítorí pé kò sáyè.

Owó náà ò tó bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò. Nínú NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì tó sì pín àwọn ilé ìwé sí ìpele (Division) mẹ́ta, Division I àti Division II máa ń fún eléré ní sikọ́láṣípù, àmọ́ ti bọ́ọ̀lù kì í sábà kárí gbogbo owó ilé ìwé. Títí di 2025, sikọ́láṣípù kíkún 9.9 ni òfin Division I fàyè gbà fún ẹgbẹ́ ọkùnrin, 14 fún obìnrin, kóòṣì á sì pín in wẹ́wẹ́. Nísinsìnyí, àwọn ilé ìwé tó wọ ètò tuntun tó ń pín owó fún eléré bọ́ lọ́wọ́ òté yẹn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn ò gbọ́dọ̀ ju èèyàn 28 lọ. Àyè “ẹ jẹ́ ká mú un ká máa wò ó ná” ti dín kù. Division III kì í fúnni ní kọ́bọ̀ nítorí eré; bẹ́ẹ̀ náà ni Ivy League, ìyẹn ẹgbẹ́ yunifásítì olókìkí mẹ́jọ, níbi tí Michelle Alozie ti Super Falcons ti gbá bọ́ọ̀lù fún Yale. Bí àpò òbí bá ṣe rí ni wọ́n fi ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀.

Kóòṣì Division I ò lè bá ọmọ sọ̀rọ̀ gbígbà á títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà lẹ́yìn tó bá parí kíláàsì kẹwàá (bíi SS1). Bí ọmọ ọdún 15 bá kọ̀wé tí wọ́n dákẹ́, òfin ló dí wọn lẹ́nu. Kó ṣáà kọ ọ́: ọdún tó máa jáde, ipò tó ń gbá, ẹsẹ̀ tó ń lò, máàkì rẹ̀, ọjọ́ àti pápá tí ìdíje rẹ̀ tó kàn máa wáyé.

Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún tó. Èyí tó dáa jù ni kó ṣáájú, kí àmì sì wà lórí ọmọ náà kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Góòlù nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tò síbẹ̀, tí wọ́n á ti gé ohun tó ṣáájú rẹ̀ kúrò, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣáájú yẹn gan-an ni kóòṣì ń wá.

Lórí pápá, ojú kóòṣì kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Ó ń wo ọmọ àárín kan tí bọ́ọ̀lù ṣì jìnnà sí: ṣé ó bojú wẹ̀yìn lápá òsì, lápá ọ̀tún, kí wọ́n tó fún un? Ìfọwọ́kàn àkọ́kọ́ ńkọ́, ṣé iwájú ló gbé e sí àbí abẹ́ ara rẹ̀? Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá na ọwọ́ méjèèjì sí rẹfirí, kóòṣì á fa orúkọ yẹn nù. Bó bá sáré tẹ̀ lé ẹni tó gbà á ní ìṣísẹ̀ márùn-ún, á fi ìlà sídìí ẹ̀. Wọ́n tún ń wo bó ṣe jókòó nígbà tí wọ́n yọ ọ́, àti bó ṣe dá ìyá rẹ̀ tó gbé omi wá lóhùn.

Ìwé ìpè sí ibùdó ìgbáradì onísanwó ò túmọ̀ sí pé wọ́n fẹ́ ọmọ. Ẹgbẹ̀rún èèyàn lè gba irú ẹ̀. Èyí tó bá dárúkọ ìdíje tí wọ́n ti rí i ló yàtọ̀.

Bí ìwé ò bá dáa, ẹsẹ̀ ò ní gbà á là. Division I ń béèrè iṣẹ́ pàtàkì 16 tí ọmọ kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì, mẹ́wàá nínú wọn kí ọdún ìkẹyìn níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, àti GPA (ìpíndọ́gba máàkì) 2.3. Fún ọmọ Nàìjíríà, èsì WAEC ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ọdún tó bá sì fi ń gbá líìgì kiri lẹ́yìn sẹ́kọ́ńdírì lè jẹ nínú èyí tó fẹ́ fi gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì.

Bí kóòṣì bá wá pè, kí ọmọ bi í pé: “Sà, ẹni mélòó ló máa ṣì wà ní ipò mi tí mo bá dé, ẹni kelòó sì ni mo jẹ́ lórí ìwé yín?” Ẹni tó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́ á dá a lóhùn pẹ̀lú iye.