Kì Í Ṣe Bíráákẹ́ẹ̀tì Ló Ń Mú Ìmọ́lẹ̀ Rọ̀

Àbúrò kan tó ń ya fọ́tò òde ìgbéyàwó n’Íbàdàn fi fọ́tò tata kan ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tata náà jókòó sórí ewé gbágùúdá, ojú rẹ̀ hàn ketekete. Àmọ́ àmì funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ, òjìji abẹ́ ikùn rẹ̀ sì dú bí ìdí ìkòkò. Ìbéèrè tó bá a wá kò ju ẹyọ kan lọ: “Ẹ̀gbọ́n, bíráákẹ́ẹ̀tì wo ni kí n rà kí ìmọ́lẹ̀ yìí lè rọ̀?”

Ẹni kẹrin tí yóò bi mí ní ìbéèrè yìí lọ́dún yìí nìyẹn. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́, mo fi sùúrù dá wọn lóhùn.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, apá irin ni bíráákẹ́ẹ̀tì. Ìdí kámẹ́rà ni wọ́n ń dè é mọ́, kí fíláàṣì lè kúrò lórí kámẹ́rà bọ́ sí iwájú, nítòsí ẹnu lẹ́ǹsì. Ẹni tó ń ya kòkòrò nílò rẹ̀. Bí kòkòrò bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí ẹnu lẹ́ǹsì, tí fíláàṣì sì jókòó sórí kámẹ́rà lẹ́yìn, lẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ ni yóò dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìgbàgbọ́ tí wọ́n so mọ́ ọn: pé bí apá irin náà bá ṣe gùn tó, tí ó sì gbé fíláàṣì jìnnà sí kòkòrò tó, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe rọ̀ tó. Torí náà ni wọ́n fi ń wá elápá méjì, èyí tó nà bí ẹsẹ̀ akàn, tó wúwo ju kámẹ́rà lọ.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ẹni tó jókòó ti iná, tí ooru ń jó lójú, sẹ́yìn ni yóò sún. Wọ́n wá rò pé bí ti ooru ṣe rí ni ti ìmọ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tó le. Èyí tó pọ̀, ẹ lè dín in kù. Èyí tó le, bí ẹ bá dín in kù títí ilẹ̀ fi ṣú, yóò ṣì le náà ni: etí òjìji rẹ̀ yóò ṣì gé bí ẹni fi abẹ là á.

Oòrùn ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, ibẹ̀ sì ni mo ti máa ń pàdánù wọn. Oòrùn fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 1,390,000. Kò sí fíláàṣì tó tó o. Síbẹ̀, òjìji ọ̀sán gangan ló le jù lójú ayé. Kí ló fà á? Ó jìnnà sí wa tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà, nítorí náà, láti ibi tí a dúró sí, ìdajì dígírì kan péré ló fẹ̀. Bí ẹ bá na apá yín tán, ọmọ ìka tó kéré jù lọ yóò bò ó mọ́lẹ̀. (Òṣùpá ni kí ẹ fi dán an wò o, ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì lójú wa. Ẹ má tẹjú mọ́ oòrùn nítorí tèmi.) Nígbà tí ọyẹ́ bá wá mú, tí eruku bo ojú ọ̀run, òjìji yín yóò ṣì wà nílẹ̀, àmọ́ yóò di bàìbàì, ẹ ò ní mọ ibi tó parí sí. Oòrùn kò sún sẹ́yìn rárá. Ojú sánmọ̀ ló di àtùpà. Bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá ṣe gbòòrò tó lójú ohun tí à ń yà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rọ̀ tó. Ohun tó ṣókùnkùn sí wọn kò ju èyí lọ, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ti ya fọ́tò fún ọdún mẹ́wàá ṣì ń bá mi jiyàn lé e lórí.

Ẹ wá fi ojú tata wò ó. Ojú fíláàṣì tí à ń fi sórí kámẹ́rà fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Bí apá irin bá gbé e sí sẹ̀ǹtímítà 40, dígírì 10 ló gbà lójú tata. Bí ẹ bá fà á mọ́ra, kó ku sẹ̀ǹtímítà 10, ó di nǹkan bí 39. Bí ẹ bá sì na bébà funfun tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí iwájú fíláàṣì, kí bébà náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí kòkòrò, ó di 90. Ilé ni bébà lójú tata nígbà náà.

Mo dán an wò lórí tábìlì ilé ìdáná mi, kí àbúrò yìí má baà ní mò ń fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Ìlẹ̀kẹ̀ dúdú kan tó ń dán, tí mo yọ lára okùn tó já, ni mo fi ṣe kòkòrò. Ní sẹ̀ǹtímítà 40, àmì funfun kan bí orí abẹ́rẹ́ ni mo rí lára ìlẹ̀kẹ̀. Ní 10, àmì náà di igun mẹ́rin, àní mo rí ìlà tó wà lójú fíláàṣì nínú rẹ̀. Nígbà tí mo fi bébà sí i, àmì náà tàn ká bí ìkùukùu, mo sì wá rí ihò tí okùn gbà kọjá, tó ti sọnù sínú òjìji láti ìbẹ̀rẹ̀. Irin kan náà, fíláàṣì kan náà. Bébà tí mo já lára ìwé àjákọ ọmọ mi nìkan ló kún un.

Èsì tó fọ̀ rèé: “Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, tó bá sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní mọ́lẹ̀ jù?”

Yóò mọ́lẹ̀ o. Láti 40 bọ́ sí 10, ìlọ́po 16 ni ìmọ́lẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i. Ẹ ó wá dín agbára fíláàṣì kù sí ìdá 16, ó parí. Èrè tún wà níbẹ̀. Fíláàṣì Nikon SB-800 máa ń kọ mànà fún 1/1050 ìṣẹ́jú àáyá bó bá wà lórí agbára kíkún. Bí ẹ bá dín in kù sí ìdá 16, ó di 1/10900. Atẹ́gùn lè máa mi ewé, ọwọ́ yín lè máa gbọ̀n, kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lóòótọ́, bébà yóò jẹ díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ lè má lè dín agbára náà kù tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fíláàṣì lọ jìnnà, agbára kíkún ló máa wá, mànà rẹ̀ yóò pẹ́, fọ́tò rẹ̀ yóò fì, yóò sì tún wá bi mí pé bíráákẹ́ẹ̀tì wo ni kì í mì.

Àwọn tó ń ta irin náà kò kúkú purọ́. Ẹ ṣáà wo fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ dáadáa: lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan funfun kan wà lẹ́nu fíláàṣì. Òun ló ṣiṣẹ́. Irin ló gba owó.

Mi ò wá ní kí ẹnikẹ́ni má rà á o. Bí ẹ bá ń lo lẹ́ǹsì bíi Canon MP-E 65mm, tó jẹ́ pé nígbà tó bá sọ nǹkan di ìlọ́po márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 4 péré ló kù láàárín òun àti kòkòrò, apá irin tó lè gbé fíláàṣì dé iwájú pátápátá kì í ṣe fàájì. Ìmọ́lẹ̀ sì lè rọ̀ jù. Mo ti ya ọ̀bọ̀nbọ̀n kan rí tí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ fún títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bí àwo. Ó ṣeé ṣe kí apá gígùn wúlò fún ẹni tó ń ya labalábá láti òkèèrè. Tèmi ni pé bí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ ra kúkurú, oríkèé rẹ̀ má pọ̀, kí ó má sì wólẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé fíláàṣì kọ́ ọ. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ibi tí yóò ti yẹ̀. Èyí tó gùn, etí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbá ewé, tata á sì fò lọ kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà.

Ẹ má sì lẹ bébà tàbí nọ́ọ̀lọ̀nù mọ́ ojú fíláàṣì gan-an. Bí ẹ bá kọ mànà léraléra lórí agbára kíkún, ojú rẹ̀ yóò gbóná, nọ́ọ̀lọ̀nù yóò yọ́ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí àyè díẹ̀ wà láàárín wọn.

Àbúrò mi ti ra elápá méjì kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní ẹni tó tà á fún òun fi fíláàṣì àtijọ́ kan ta òun lọ́rẹ. Ibẹ̀ ni oorun dá lójú mi. Àwọn kan nínú àwọn fíláàṣì ayé ìjelòó a máa ní iná tó ju fólítì 200 lọ ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń jókòó lórí kámẹ́rà, èyí sì lè ba inú kámẹ́rà ìgbàlódé jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó má tíì gbé e lé kámẹ́rà. Kó kó bátìrì sí i, kó tàn án, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò, kí ìyẹn fi mítà wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.