Xero-: gbígbẹ ni, kì í ṣe òdo

Gíríìkì ló ni xero, ohun tó bá gbẹ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló bẹ̀rẹ̀ xerosis (awọ tó gbẹ), xerostomia (ẹnu tó gbẹ), xerophthalmia (ojú tó gbẹ nítorí àìtó fítámì A), xerophyte (ewéko ilẹ̀ gbígbẹ) àti xerography (àdàkọ aláìlómi). Àwọn tó ń fi lẹ́tà wa kọ wọ́n ní "sírósíìsì" àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ ló dá wàhálà sílẹ̀. Yorùbá kò ní z. Ìró z tó bẹ̀rẹ̀ xerosis di s lẹ́nu wa, ti zero náà di s, cirrhosis, àìsàn ẹ̀dọ̀, sì ti ní s tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí awọ tó gbẹ àti ẹ̀dọ̀ tó le gbagidi ṣe di orúkọ kan náà nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló fẹ́ rí irú èyí lára ìwé oògùn? Àwọn mìíràn gbọ́ síró, wọ́n kọ òdo, wọ́n ní "àìnítọ́ rárá" ni xerostomia, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu lè máa gbẹ ẹlòmíràn tí itọ́ rẹ̀ kò dín. Ẹgbẹ́ kẹta hùmọ̀ "ìgbẹ awọ". Ẹ yọ àmì ohùn rẹ̀ kúrò, bí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ti ń ṣe, kí ẹ wá tún un kà.

Gbígbẹ ni mo dúró lé. Ta ni kò mọ "ẹnu mi gbẹ"? Ẹnu gbígbẹ, awọ gbígbẹ, ó parí. Ojú nìkan ló nílò àfikún: ojú gbígbẹ àìtó fítámì A, kí a má baà pò ó mọ́ ojú tó ń gbẹ ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

Kànga tí ìsun rẹ̀ ti dí ni ẹ̀yà ara wọ̀nyí: omi tí a bá dà sí i láti òkè, ilẹ̀ ló ń fà á mu. Ní ti ẹnu, itọ́ tí kò tó 0.1 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí èèyàn kò jẹ nǹkan, ti kéré jù. Oògùn ara yíyún, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìtànṣán tí a fi ń wo jẹjẹrẹ ọrùn máa ń fà á. Ẹni tó wá ń lá súìtì kí ẹnu rẹ̀ lè tutù ń ba eyín jẹ́ ni, torí kò sí itọ́ tí yóò fọ ṣúgà náà kúrò. Ṣingọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà ló dára.

Ní ti awọ, omi gbígbóná àti ọṣẹ líle ló ń fọ epo tó ń sé omi mọ́ra dànù. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀, kí ẹ sì fi òrí para láàárín ìṣẹ́jú 3, kí ara tó gbẹ. Bí ara bá ti gbẹ tán, kí ni òrí fẹ́ sé?

Ojú ló léwu jù. Ọmọ á kọ́kọ́ máa kọsẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó dà bí ìfófòó á hàn lára funfun ojú. Bí iwájú ẹyinjú tó máa ń dán bá ti ń rọ̀, ìfọ́jú dé tán. Omi ojú tí a rà ní kẹ́míìsì kò lè wò ó. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fún ọmọ oṣù 6 sí 11 ní fítámì A 100,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì), tí ti ọmọ ọdún kan sókè sì jẹ́ 200,000: lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Epo pupa ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì yìí, àmọ́ ẹni tó bá yọ́ epo títí tó fi funfun ti sun ún dànù.

Ibi tí "gbígbẹ" ti lè tan ni jẹ ni xerophyte. Ọrọ́ wà lára wọn, ẹ sì mọ bí oje funfun ti ń ṣàn lára ọrọ́. Ilẹ̀ ló gbẹ, kì í ṣe igi, nítorí náà "ewéko ilẹ̀ gbígbẹ" ló tọ́. Xerography náà rí bẹ́ẹ̀: àdàkọ aláìlómi. Lọ́jọ́ 22 oṣù October 1938, ní Astoria, New York, Chester Carlson, ẹni tó hùmọ̀ àdàkọ yìí, fi áńkáṣíìfù ra irin tí wọ́n kun ní imí ọjọ́ kí iná lè dúró lára rẹ̀, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i gba ara gíláàsì tí wọ́n kọ̀wé sí, ó sì bu ìyẹ̀fun sí i lórí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé nìkan ni ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́. Iná, ìmọ́lẹ̀ àti ìyẹ̀fun náà ni ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ń lò títí di òní. Bí apá tó ń yọ́ ìyẹ̀fun mọ́ ìwé kò bá gbóná tó, ìka lásán ló máa nu gbogbo lẹ́tà náà kúrò.