Ṣáínà láì gba físà? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ bá ẹgbẹ́ rìn lọ síbẹ̀

Láti 17 December 2024 ni ìjọba Ṣáínà ti sọ pé àwọn àlejò kan tó bá ń gba ilẹ̀ àwọn kọjá lọ síbòmíì lè dúró fún 240 wákàtí, ìyẹn ọjọ́ mẹ́wàá, láì gba físà. Àtìgbà yẹn ni ìròyìn náà ti ń dé orí fóònù wa lóríṣiríṣi, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé Ṣáínà ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n á wá so ìkéde àwọn tó ń kó èèyàn jọ rìnrìn àjò mọ́ ọn nídìí. Ó ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Èmi náà ti bá ẹgbẹ́ lọ sí Beijing, Xi'an àti Shanghai, torí náà ohun tí mo rí àtohun tí òfin sọ ni mo máa fi dáhùn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà Ṣáínà mọ́?

Rárá o, ó nílò ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 ló wà nínú ètò yẹn, Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, Benin ò sí níbẹ̀, Togo náà ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé tiwa, físà arìnrìn-àjò ló máa gbà kó tó wọ bàálù, Èkó àti Àbújá ni wọ́n sì ti ń gbà á. Tẹ́nikẹ́ni bá ní òun á kó ẹgbẹ́ yín wọlé láìsí físà, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Àbúrò mi ní pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà, òun ńkọ́?

Òun lè jàǹfààní ẹ̀, tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń gba Ṣáínà kọjá lọ sílẹ̀ mìíì. Tó bá gbéra ní New York, tó sọ̀ ní Beijing, tó wá ń lọ sí Bangkok, ó dáa. Tó bá jẹ́ New York sí Beijing, kó tún padà sí New York, ìyẹn ò bá ètò náà mu, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bàálù sì lè dá a dúró níbi tó ti ń gbéra gan-an. Hong Kong, ibòmíì ni wọ́n kà á sí nínú ètò yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì ibi tó ń lọ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, kí ọjọ́ sì wà lórí ẹ̀. Láti aago méjìlá òru tí ọjọ́ kejì tó wọlé bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí ẹ̀. Tiyín yàtọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brazil: láti 1 June 2025 ni wọ́n ti ní kí onípásípọ́ọ̀tù Brazil máa wọlé fún ọgbọ̀n ọjọ́, àmọ́ ètò onígbà díẹ̀ ni, ẹ yẹ ọjọ́ tó máa parí wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Wọ́n ní Ṣáínà ti yọ owó ibodè kúrò fún Áfíríkà, ṣé ìyẹn kọ́ ni?

Ọjà ni wọ́n sọ ìyẹn lé lórí ní June 2025, kò kan físà rárá.

Kí ni físà ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ?

Ìwé kan ṣoṣo ni, tí orúkọ gbogbo èèyàn tó wà nínú ẹgbẹ́ wà lórí ẹ̀, wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ pásípọ́ọ̀tù oníkálukú. Ẹ jọ máa wọlé ni, ẹ jọ máa jáde ni, ọwọ́ olórí ẹgbẹ́ ni ìwé náà sì máa ń wà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ronú lórí èyí dáadáa. Tí àìsàn bá mú ẹnì kan tó ní láti dúró sílé ìwòsàn nígbà tí àwọn yòókù ń padà lọ, tàbí tí wọ́n pe ẹnì kan láti ilé pé òfò ṣẹ̀, kò kàn lè dìde kó máa lọ sí papa ọkọ̀ òfurufú bó ṣe wù ú, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ orúkọ ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbófinró ibodè. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: ṣé físà ẹgbẹ́ ni àbí ti oníkálukú? Tẹ́ ẹ bá lè rí ti oníkálukú gbà, òun ni mo fara mọ́. Ẹgbẹ́ la jọ ń rìn lóòótọ́, àmọ́ pásípọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan ni ìjọba Ṣáínà mọ̀, níbi gbogbo sì ni ẹ máa ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Kí lèèyàn kọ́kọ́ máa rí tó bá débẹ̀?

Ohun tó kọ́kọ́ jọ mí lójú ni ìdákẹ́jẹ́ títì. Iná mànàmáná ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì àti ọ̀kadà wọn fi ń rìn, ẹ ò ní gbúròó wọn títí wọ́n á fi dé ẹ̀yìn yín, wọ́n sì máa ń gun ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, ẹ wẹ̀yìn dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, àyẹ̀wò. Kẹ́ ẹ tó wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ ní Beijing, wọ́n á gbé báàgì yín gba inú ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ gbàgede Tiananmen wọ́n á wo pásípọ́ọ̀tù, ẹni tó bá fi tiẹ̀ sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ti pàdánù ọjọ́ náà nìyẹn.

Èrò wá pọ̀. Ààfin àwọn ọba àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Forbidden City, 1420 ni wọ́n kọ́ ọ parí, orúkọ àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń gba àyè níbẹ̀ ṣáájú, wọn kìí sì í ṣí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè àyàfi tó bá bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà gúúsù lèèyàn ń gbà wọlé, àríwá ló ń gbà jáde, ìrìn náà sì sún mọ́ kìlómítà kan láti òpin kan dé èkejì, láì ka gbogbo àgbàlá tó wà lápá ọ̀tún àti òsì. Amọ̀nà gbé àsíá kékeré lókè, ẹgbẹ́ mìíì náà gbé àsíá, àwọ̀ wọn jọra, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò kan tán àsíá yín ti wọnú èrò. Ẹni tó bá sọnù, kó má padà sẹ́yìn láé, kó máa lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà àríwá kó dúró síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń já sí. Káàdì hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi èdè wọn kọ, ẹ fi sápò lójoojúmọ́, torí awakọ̀ tákísì tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò pọ̀.

Oúnjẹ ńkọ́?

Tábìlì róbótó ni wọ́n máa ń gbé fún ẹgbẹ́, dígí tó ń yí wà láàárín ẹ̀, oúnjẹ á máa yí dé ọ̀dọ̀ oníkálukú, ìrẹsì sì lè má dé títí ọbẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ tètè béèrè. Omi gbígbóná ni wọ́n ń mu, ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ibùdókọ̀ àti nínú rélùwéè, ẹ má mu omi ẹ̀rọ láì sè é.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran tí wọ́n ń jẹ jù, wọ́n sì máa ń fi ọ̀rá ẹ̀ dín ẹ̀fọ́, kìí ṣe pé kẹ́ ẹ ṣáà ti yẹra fún ẹran nìkan. Àmì tẹ́ ẹ máa wá lára ilé oúnjẹ ni 清真, ìyẹn hálálì, àwọn Hui, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Ṣáínà, ló sábà máa ń ni irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ó sì pọ̀. Ní Xi'an, àdúgbò Mùsùlùmí ń bẹ nítòsí ilé ìlù àtijọ́, mọ́ṣáláṣí ńlá wà níbẹ̀, ẹran àgùntàn tí wọ́n ń sun létí títì níbẹ̀ dùn gan-an. Ní Beijing, mọ́ṣáláṣí Niujie ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ sọ fún olórí ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó sídìí tábìlì, ó ti pẹ́ jù.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kìí gba owó lọ́wọ́ mọ́?

Wọ́n ń gbà á, òfin ò gbà kí wọ́n kọ̀ ọ́, àmọ́ fóònù ni gbogbo èèyàn fi ń sanwó, títí kan ìyá tó ń ta àgbàdo létí títì, ṣéńjì ló sì máa ń ṣòro. Alipay àti WeChat ni áàpù méjèèjì, wọ́n ń gba káàdì Visa àti Mastercard ti ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì ń yọ owó díẹ̀ lórí ohun tó bá ju 200 yuan lọ. Ilé ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kẹ́ ẹ bi báǹkì bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí láìnì yín sì lè gba ọ̀rọ̀ kóòdù lọ́hùn-ún. Ẹ má gbára lé ọ̀rẹ́ inú ẹgbẹ́ pé á máa bá yín san, ẹ lè yara yín nígbàkigbà.

WhatsApp?

Kò ní ṣiṣẹ́ lórí Wi-Fi hòtẹ́ẹ̀lì, Google, Facebook, YouTube náà ò ní ṣiṣẹ́. Láìnì tẹ́ ẹ bá gbé láti òkèèrè tó ń ṣe roaming, tàbí eSIM arìnrìn-àjò, ìyẹn láìnì orí fóònù tí kò ní káàdì, máa ń gbé e torí ìta ni dátà wọn ń gbà. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ṣáájú, kí ẹ̀rù má bà wọ́n tí wọn ò bá gbúròó yín lọ́jọ́ kìíní. Ẹ rántí pé wákàtí méje ni wọ́n fi ṣáájú wa.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń ya fọ́tò wa?

Ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ́ ẹ máa bá níbi ìgbafẹ́ ní Beijing, àlejò ni àwọn náà, láti ìgbèríko àti ìlú kéékèèké ni wọ́n ti wá, àwọn kan ò sì tíì dúró ti aláwọ̀ dúdú rí láyé wọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á nawọ́ sí fóònù, àwọn ìyá àgbà á fẹ́ fọwọ́ kan irun dídì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa gbádùn ẹ̀, ó sú àwọn mìíì, èmi rò pé ẹni tó bá sú ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kó juwọ́ kó sì máa lọ, wọ́n máa ń gbà. Ọ̀pọ̀ jù lọ lára ohun tí mo rí jẹ́ ìyàlẹ́nu, kìí ṣe ìkórìíra. Síbẹ̀ mi ò ní fi ti Guangzhou pamọ́ fún yín: ní April 2020, lásìkò Kòrónà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà jáde nílé àti hòtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà pọ̀ lára wọn, ìjọba wa sì fi ẹ̀hónú hàn. Ẹni tó ń lọ yẹ kó mọ èyí.

Ṣé mo lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Guangzhou?

Tó bá jẹ́ físà ẹgbẹ́, rárá. Tó bá jẹ́ físà oníkálukú, ẹ lè lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sùn nílé ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá àdúgbò láàárín wákàtí 24. Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe èyí fún yín ní gbogbo ọjọ́ yòókù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fi mọ̀ pé òfin ni.

Wọ́n ń kó wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù sílíìkì, tíì àti jéèdì, ṣé dandan ni ká rà á?

Kìí ṣe dandan. Láti 1 October 2013 ni òfin ìrìn àjò afẹ́ wọn ti ní kí ẹnikẹ́ni má fipá mú arìnrìn-àjò rajà. Tí owó ìrìn àjò bá ti kéré jù, ẹ mọ̀ pé ibi ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti fẹ́ rí èrè.

Páwà báǹkì mi ńkọ́?

Láti 28 June 2025, èyí tí kò bá ní àmì 3C, ìyẹn àmì ààbò ti Ṣáínà, lára ò gbọdọ̀ wọ bàálù tó ń rìn láàárín Ṣáínà, èyí tẹ́ ẹ rà nílé sì lè máà ní in, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ìdí kan nìyí tí mo fi fẹ́ràn rélùwéè wọn: Beijing sí Shanghai lé ní 1,300 kìlómítà, bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ló fi ń dé, pásípọ́ọ̀tù yín sì ni tíkẹ́ẹ̀tì yín.

Kí ló yẹ kó bà wá lẹ́rù gan-an?

Ẹrù ẹlẹ́rù. Mo bẹ yín tọwọ́ tẹsẹ̀. Nínú ẹgbẹ́, ẹnì kan á ní báàgì òun ti wúwo jù, kẹ́ ẹ bá òun fi páálí kékeré kan sínú tiyín, ojú á sì máa tì yín láti kọ̀ torí ẹ ti jọ jẹun, ẹ ti jọ gbàdúrà. Ẹ kọ̀. Òfin Ṣáínà sọ pé ẹni tó bá gbé heroin tó tó gíráàmù 50 lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 15, ẹ̀wọ̀n gbére, tàbí ikú, ẹni tí wọ́n bá a nínú báàgì ẹ̀ ni wọ́n á sì kọ́kọ́ mú. Oògùn tiyín náà, ẹ gbé e nínú páálí ẹ̀, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú ẹ̀.

Ẹ má kọjá iye ọjọ́ tí físà ní kẹ́ ẹ lò, 500 yuan ni ìtanràn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó lè dé 10,000, wọ́n sì lè tì yín mọ́lé. Táwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bá sì bá yín pàdé létí títì ní Shanghai tàbí Beijing pé kẹ́ ẹ wá bá àwọn mu tíì, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ, owó tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ san níbẹ̀ á bà yín lẹ́rù. 110 ni nọ́ńbà ọlọ́pàá, 120 ni ti áńbúláǹsì.

Màmá mi ti lé ní àádọ́rin, ṣé kó bá wọn lọ?

Tí dókítà bá fọwọ́ sí i, kó lọ, àwọn àgbà wà nínú ẹgbẹ́ tiwa. Àmọ́ kó má lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ October tàbí lásìkò ọdún tuntun wọn, torí gbogbo Ṣáínà ló ń rìnrìn àjò nígbà yẹn. Ibi Great Wall, àtẹ̀gùn ẹ̀ ga, kò sì dọ́gba, ẹ bi wọ́n bóyá Mutianyu ni wọ́n ń lọ, ọkọ̀ orí wáyà wà níbẹ̀ tó máa gbé e gòkè tó sì máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta, ìlóṣòó ni, ìwé ìnùdí kìí sì í sábà sí níbẹ̀, kó máa mú tiẹ̀ dání. Kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù ẹ̀, kí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ wà lára ẹ̀ kìí ṣe lọ́wọ́ amọ̀nà, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ sì ti gbà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé pé òun á máa bá a rìn, torí amọ̀nà tó ń kó ogójì èèyàn ò lè dúró ti ẹnì kan.