Ogóje nínú ọgọ́rùn-ún: bí wọ́n ṣe ń pín èrò káńtì kan sí ẹ̀yà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta èlùbọ́ ní Kàbà. Ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Jersey City, ní Amẹ́ríkà, ọmọ yìí ló fi òǹkà àwọn èèyàn káńtì tó ń gbé, ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa ẹ̀rọ ìṣirò tó fi ń ṣe owó ọjà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò wọ́n pọ̀: aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Éṣíà, àwọn tó kù, àwọn Hispanic. Gbogbo rẹ̀ di nǹkan bí ogóje nínú ọgọ́rùn-ún. Ló bá wò mí lójú: "Àbúrò, ṣé àwọn náà ń ṣe mágòmágó ìkànìyàn ni?"

Ẹni tó bá ti dàgbà sí Nàìjíríà kò jẹ̀bi tó bá béèrè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí mágòmágó níbẹ̀. Ìbéèrè méjì ni àwọn tó ń ka èèyàn ní Amẹ́ríkà bi wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ló da ìdáhùn méjèèjì sínú igbá kan.

Hudson ni orúkọ káńtì náà, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ibẹ̀ ni Jersey City wà, ó dojú kọ Manhattan ní ìlú New York lódìkejì odò. Káńtì kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú tiwa wò ó. Ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú fẹ̀ tó 2,706 kìlómítà onígun mẹ́rin, ìkànìyàn 2006 sì bá nǹkan bí 145,000 èèyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ Hudson kò ju bí 120 lọ, èèyàn 724,854 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020. Tí a bá pín èèyàn sórí ilẹ̀, bí 53 ló kan kìlómítà onígun mẹ́rin kan lọ́dọ̀ wa. Tiwọn lé ní 6,000. Nínú káńtì yẹn kan náà, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Union City: èèyàn 68,589 ló wà lórí ilẹ̀ tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn já kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. (53 tiwa náà kò sọ òótọ́ tán. Àárín ìlú Kàbà há, ṣùgbọ́n ẹni tó bá forí lé ọ̀nà Bùnú, igbó ni yóò máa wò.)

Ó yá, ìbéèrè méjì yẹn. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè pé: ṣé Hispanic ni ẹ́ àbí o kì í ṣe é? Hispanic ni ẹni tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Sípéènì wá, bíi Kúbà, Puerto Rico àti Kòlóńbíà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó béèrè ẹ̀yà: funfun, dúdú, Éṣíà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú ìwé wọn, Hispanic kì í ṣe ẹ̀yà. Ọmọ Kúbà tó ń gbé ní Union City á dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ti àkọ́kọ́, á tún máàkì funfun, dúdú tàbí òmíràn nínú ti ìkejì. Ní Hudson, bí 40 nínú 100 ló dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn 40 yìí ti wà nínú ọgọ́rùn-ún tó dáhùn ìbéèrè ẹ̀yà tẹ́lẹ̀.

Mo fi ìgbéyàwó ṣe àpẹẹrẹ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn ló wá. Mo ka àwọn ará Owé (àwa ará Kàbà nìyẹn), Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, wọ́n pé ọgọ́rùn-ún. Mo tún ka àwọn tó wọ aṣọ ẹbí, wọ́n jẹ́ ogójì. Ṣé ogóje èèyàn ló wá jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti gbọ́.

Torí ìdàrúdàpọ̀ yìí ni ẹ ṣe máa ń rí "aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe Hispanic" nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn. Wọ́n ti yọ aláṣọ ẹbí sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ka ìyókù nìyẹn, irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ṣeé rò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà fúnra rẹ̀ ló tún ya èmi lẹ́nu. Tí àwa bá ní ẹ̀yà, Yorùbá, Ìgbìrà, Ìgálà, Tápà ló ń wá sí wa lọ́kàn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ìran rẹ̀ bá ti Yúróòpù, Àárín Ìlà Oòrùn tàbí Àríwá Áfíríkà wá, funfun ni wọ́n kà á sí ní 2020. Àwọn ará Íjíbítì pọ̀ ní Jersey City. Áfíríkà kan náà ni àwọn àti ọmọ wa ti wá, síbẹ̀ wọ́n wọ àpótí funfun, ọmọ Kàbà wọ àpótí dúdú. Lábẹ́ àpótí dúdú, wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí èèyàn kọ ibi tó ti wá, wọ́n sì tẹ "Nigerian" síbẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Ọmọ wa kọ "Okun", orúkọ tó kó gbogbo wa pọ̀ láti Owé dé Ọ̀wọ́rọ̀. Inú bí ìyá rẹ̀: "Kí ló dé tí kò kọ Owé?"

Ní oṣù kẹta 2024, ìjọba ibẹ̀ pinnu láti pa ìbéèrè méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, kí àwọn ará Àárín Ìlà Oòrùn àti Àríwá Áfíríkà sì ní àpótí tiwọn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ nígbà ìkànìyàn tó ń bọ̀, òǹkà aláwọ̀ funfun lè já wálẹ̀ ní Hudson láìjẹ́ pé ẹnì kan kó ẹrù jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìkànìyàn 2006 kò béèrè ẹ̀yà, kò béèrè ẹ̀sìn. Nítorí náà, tí olóṣèlú bá dúró ní Lọ́kọ́jà tó ń pín Ọ̀wọ́rọ̀, Tápà, Ìgbìrà, Hausa àti Ìgálà sí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ bi í pé ìwé wo ló ti rí i. Kò lè jẹ́ ti 2006.

Ẹ̀gbọ́n mi tún tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, ó fo Hispanic. Ó bọ́ sí 99.9. "Ìdá tó kù ńkọ́?" Mo ní wọ́n ti gé ẹ̀yìn òǹkà kúrò ni, bí òun náà ṣe máa ń yọ náírà márùn-ún fún oníbàárà. Ó ní òun kì í yọ náírà márùn-ún fún ẹnikẹ́ni. Oníbàárà kan dé, ó ní kí wọ́n wọn kóńgò méjì fún òun.