Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀: bí mọ́tò ṣe ń gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu

Mọ́tò téèyàn ń gùn kiri yìí, òmíì wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ dáadáa, àmọ́ ibi mẹ́rin péré ló ti ń fara kan ilẹ̀, ibì kọ̀ọ̀kan ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ibi tí táyà ti tẹ́ pẹrẹsẹ sórí títì nìyẹn. Kò sóhun tí awakọ̀ fẹ́ ṣe tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá, ó fẹ́ sáré ni o, ó fẹ́ dúró ni o, ó fẹ́ yà ni o, àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin yẹn ló máa bá a ṣe é. Bíréèkì kàn ń di ẹsẹ̀ mọ́tò mú kó má yí mọ́ ni, táyà ló ń di ilẹ̀ mú tí mọ́tò fi ń dúró. Ẹni tí èyí bá ti yé, ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ń kọ́ èèyàn nípa ọkọ̀ wíwà á bẹ̀rẹ̀ sí í nítumọ̀ sí i, kò ní máa há a sórí lásán.

Torí náà ẹ jẹ́ ká ti ibi táyà bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé mọ́, ìwé pélébé kan máa ń wà níbẹ̀ lára ọ̀pọ̀ mọ́tò, wọ́n á kọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà sí i, tiwájú lọ́tọ̀, tẹ̀yìn lọ́tọ̀, nígbà míì wọ́n á tún kọ ti ìgbà tí ẹrù bá kún mọ́tò. Iye yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra ẹ̀, ibi tí agbára táyà yẹn mọ ló ń sọ, ẹ má fẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Àárọ̀ tí mọ́tò ò tíì rìn ló dáa jù láti wọn afẹ́fẹ́, torí táyà tó bá ti rìn ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ti wú, ohun tí géèjì máa sọ á ju bó ṣe rí lọ.

Tí afẹ́fẹ́ bá kéré, etí táyà méjèèjì ló máa ru mọ́tò, ara ẹ̀ á máa ká á máa nà bó ṣe ń yí, ìyẹn ló ń mú un gbóná, ooru yẹn ló sì sábà máa ń bẹ́ táyà lórí eré. Tó bá pọ̀ jù, àárín nìkan ló máa kan ilẹ̀ dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ tá a ní á tún kéré sí i. Àwọn ojú gọ́tà tó wà lára táyà, omi ni wọ́n fi ń lé jáde lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fi mílímítà 1.6 ṣe jíjìn tó kéré jù tí òfin gbà fún ojú gọ́tà yẹn, àmọ́ kí táyà tó jẹ dé ibẹ̀ ló ti máa ń yọ̀ nínú òjò. Ọjọ́ orí táyà náà ṣe pàtàkì o. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn: tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pẹ́ jù lè ṣì ní ojú kó jẹ́ pé rọ́bà ẹ̀ ti gan, ara ẹ̀ ti ń là wẹ́wẹ́.

Ìjókòó ló kàn, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú kọjá. Ẹ fi ìdí kan ẹ̀yìn síìtì pátápátá, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì dé ìsàlẹ̀, orúnkún gbọ́dọ̀ ṣì ká díẹ̀. Tó bá nà tán, síìtì ti jìnnà jù nìyẹn, ẹsẹ̀ ò ní lágbára tó lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá le. Ẹ wá na apá, kí ọrùn ọwọ́ lè sinmi sórí síárìn lókè láìjẹ́ pé èjìká kúrò lára síìtì. Kí àyà fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà sí síárìn, torí érùbáàgì tó wà nínú ẹ̀ kì í rọra jáde, kéèyàn tó ṣẹ́jú ó ti wú tán, ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ síárìn, àpò tó yẹ kó gbà á là ló máa gbá a láyà. Ìdí ẹ̀ náà nìyẹn tó fi yẹ kí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síárìn méjèèjì, níbi tí 9 àti 3 máa ń wà lójú aago, kí apá má bàa dábùú ibi tí àpò ń gbà jáde. Ẹni tó jókòó síwájú ò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọmọ ọwọ́ tó wà nínú síìtì tó kọjú sẹ́yìn, ẹ má gbé e síwájú láé níbi tí érùbáàgì bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́.

Bẹ́líìtì tó gba èjìká tó tún gba ìdí yẹn, Nils Bohlin, ẹnjiníà kan ní Volvo, ló ṣe é lọ́dún 1959, iléeṣẹ́ náà sì jẹ́ kí àwọn tó kù máa lò ó láìsan kọ́bọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: mọ́tò tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí, ara èèyàn inú ẹ̀ náà ń sá 60, tí mọ́tò bá wá kọlu nǹkan tó dúró, mọ́tò dúró ni o, ara ò tíì dúró, nǹkan kan ló gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bẹ́líìtì ló yẹ kó jẹ́. Ẹ dán an wò, ẹ fà á jẹ́jẹ́, á máa bá yín bọ̀, ẹ wá já a gbà lójijì, á há pinpin. Apá tìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun ìbàdí, kò gbọ́dọ̀ gun ikùn, aláboyún á fi í sábẹ́ ikùn ni. Apá tòkè á gba àárín èjìká, kò gbọ́dọ̀ fara kan ọrùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn náà gbọ́dọ̀ dè é, torí ẹni tí ò bá dè é lẹ́yìn, ẹni tó wà níwájú ẹ̀ ló máa fi gbogbo ìwúwo ẹ̀ lù. Ibi tí orí ń tì lókè síìtì náà kì í ṣe fún oorun o, ẹ gbé e sókè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orí dọ́gba, òun ló ń gba ọrùn sílẹ̀ tí mọ́tò míì bá kọlù yín látẹ̀yìn.

Dígí ẹ̀gbẹ́, ẹ yí i síta títí tí ara mọ́tò tiyín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn nínú ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó kúrò ní ojú ọ̀nà kan bọ́ sí òmíì, ẹ yíjú wo ẹ̀gbẹ́, torí alùpùpù lè fara pa mọ́ síbi tí dígí kankan ò dé.

Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sitáàtì mọ́tò, ọ̀pọ̀ iná ló máa tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Mọ́tò ń dán wọn wò ni, tó bá ti sitáàtì tán, ó yẹ kí wọ́n kú. Èyí tí kò bá kú ń bá yín sọ̀rọ̀, àwọ̀ ẹ̀ ló sì máa sọ bó ṣe le tó: búlúù àti gíríìnì ń sọ pé nǹkan kan wà ní títàn (búlúù ni ti fúùlù láìtì, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí mọ́tò míì bá ń bọ̀ wá pàdé yín), yẹ́lò ń sọ pé kẹ́ ẹ lọ fi han mẹkáníìkì láìpẹ́, pupa ń sọ pé kẹ́ ẹ wá ibi tó dáa dúró sí nísinsìnyí. Pupa tó dà bí kẹ́tùrù kékeré tí nǹkan ń kán lẹ́nu ẹ̀, ọ́ìlì ni, tí ọ́ìlì ò bá lọ káàkiri mọ́, irin á máa ha irin lára, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, torí náà ẹ pa á. Tó bá jẹ́ pé mọ́tò ti gbóná jù, ẹ pa á kẹ́ ẹ dúró, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀. Wọ́n sé omi inú ẹ̀ mọ́ pinpin ni, ó ń wá ibi tó máa gbà jáde, ó ti gbóná kọjá ibi tí omi ìkòkò ti ń hó, ṣíṣí tẹ́ ẹ bá ṣí i á tú síni lójú.

Jíà mọ́tò ọtomátíìkì, ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì ló máa ń kúrò ní P, ìyẹn ibi téèyàn ń fi í sí tó bá páàkì. Irin kékeré kan bí eyín ló ń kọ́ wíìlì kan nínú gíáàbọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá fi í sí P, ìyẹn nìkan ló ń di mọ́tò mú. Tí ibẹ̀ bá wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo ìwúwo mọ́tò á wà lórí eyín kékeré yẹn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dún gbàù nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fa hándíbíréèkì, ẹ fi jíà sí N, níbi tí ẹ́ńjìnnì ò ti ní yí ẹsẹ̀ mọ́tò, kẹ́ ẹ yọ ẹsẹ̀ díẹ̀ kí hándíbíréèkì gba ẹrù náà, ẹ wá lọ sí P.

Lórí òkè tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi jíà sí nọ́ńbà tó kéré, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá yín fa mọ́tò sẹ́yìn. Ẹni tó bá tẹ bíréèkì látòkè délẹ̀, bíréèkì á gbóná, omi bíréèkì lè hó, ẹsẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ gbẹ̀rẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Àwọn tó ń fi í sí N kí epo má bàa tán, wọ́n ti sọ gbogbo ẹrù náà sórí bíréèkì nìkan.

Eré ni ọ̀rọ̀ tó le jù. Ní kìlómítà 100 ní wákàtí, mọ́tò ń jẹ bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ẹsẹ̀ tó kúrò lórí tọ́tù bọ́ sórí bíréèkì, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 28 ti lọ, bíréèkì ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí eré bá wá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì fi ń dá a dúró á di ìlọ́po mẹ́rin: mọ́tò tó nílò mítà 12 láti dúró ní 50 máa nílò bíi 48 ní 100, a ò tíì ka mítà 28 yẹn mọ́ ọn. Torí náà, ẹ fi àyè sílẹ̀. Tí mọ́tò iwájú bá kọjá lára òpó kan, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó dé òpó yẹn, tí òjò bá ń rọ̀, ẹ ka mẹ́rin.

Ọjọ́ tí nǹkan bá já lu títì lójijì, ẹ tẹ bíréèkì pẹ̀lú gbogbo agbára, ẹ má yọ ẹsẹ̀. Lára mọ́tò tó ní ABS, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí wíìlì há tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, pẹ́dààlì á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀, á máa ti ẹsẹ̀ padà, ariwo kan bíi pé irin ń lọ̀ á máa jáde nísàlẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, á rò pé nǹkan ti já, á yọ ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́. Kò sóhun tó já. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ló ń tú bíréèkì tó tún ń dì í, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí wíìlì má bàa há, torí táyà tó há kò lè yà mọ́, ibi tó dojú kọ ló máa yọ̀ lọ. Nítorí ABS, ẹ lè tẹ bíréèkì pa kẹ́ ẹ ṣì yí síárìn yẹra fún ohun tó wà níwájú. Ẹ wá ibi gbalasa tó ṣófo, kẹ́ ẹ dán an wò lórí eré díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n ṣáájú ọjọ́ náà.

Kọ́nà náà, àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni. Ìdìmú táyà ò pọ̀, tẹ́ ẹ bá ń lo gbogbo ẹ̀ láti fi yà, kò sí èyí tó kù fún bíréèkì. Ẹ ti dín eré kù kẹ́ ẹ tó wọ kọ́nà, kẹ́ ẹ wá rọra tẹ tọ́tù tẹ́ ẹ bá ti ń jáde. Nínú òjò ó tún kéré sí i, pàápàá ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí omi ń gbé ọ́ìlì àti eruku orí títì sókè. Tí omi bá pọ̀ ju èyí tí ojú táyà lè lé lọ, táyà á gun orí omi, síárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi pé kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù, ẹ di síárìn mú gbọọrọ, ẹ má já bíréèkì mọ́lẹ̀, títí táyà á fi padà kan ilẹ̀. Ẹ má sì tan iná olójú méjèèjì tẹ́ ẹ bá ń rìn lọ nínú òjò, lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kì í jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn mọ̀gbà tẹ́ ẹ fẹ́ yà, iná iwájú tó tàn dáadáa ti tó. Tí gíláàsì bá kún fún ìkùukùu, ẹ tan éésì, kẹ́ ẹ darí afẹ́fẹ́ sí gíláàsì, kẹ́ ẹ gba afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Éésì ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi mọ́ kíá.

Tí táyà bá bẹ́, ẹ di síárìn mú, ẹ jẹ́ kí eré fúnra ẹ̀ rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí tọ́tù bá há mọ́lẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì gbọnyin kẹ́ ẹ fi jíà sí N, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, bíréèkì ṣì ń ṣiṣẹ́ àmọ́ á le, síárìn náà á le, ẹ fi agbára sí i, ẹ má tẹ bíréèkì lé e lórí léraléra torí ìrànlọ́wọ́ tó kù nínú ẹ̀ ò ju ẹ̀ẹ̀mejì mẹ́ta lọ. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́ kí mọ́tò tó dúró, síárìn lè lọ́ọ̀kì.

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ páàkì, ẹ fa hándíbíréèkì, kẹ́ ẹ yí táyà iwájú. Tí mọ́tò bá kọjú sísàlẹ̀, ẹ yí i sí etí títì. Tó bá kọjú sókè tí etí títì náà sì ga, ẹ yí i kúrò níbẹ̀, tí hándíbíréèkì bá tú, mọ́tò á yí sẹ́yìn díẹ̀, táyà á fara ti etí títì, á dúró síbẹ̀.