Bí Fáìlì Méjì Bá Ń Jẹ́ Orúkọ Kan

Ẹni tó bá tẹ “apt install” lórí Debian (irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) láti fi sọ́fítíwíà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ kì í rí ẹrù tí àwa tí à ń ṣe pákéèjì kọ́kọ́ gbà wọlé. Ẹrù náà ni fáìlì tí àwọn tó kọ sọ́fítíwíà di gbogbo kóòdù wọn sí, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí .tar.gz tàbí .tar.xz. A máa ń tún un sọ lórúkọ, bíi eto_1.4.orig.tar.gz, a ó sì kó àtúnṣe tiwa sínú fáìlì mìíràn lọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ yẹn mọ́.

Ìtẹ̀ka ni a fi ń ṣọ́ ọ. SHA-256, ìlànà ìṣirò kan, á ka gbogbo báìtì inú fáìlì, á sì gbé àmì 64 jáde. Báìtì ẹyọ kan péré ni kó yí padà, àmì náà á di òmíràn. Bí ẹ bá gbé eto_1.4.orig.tar.gz tí ìtẹ̀ka rẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ti wà nílé ìkópamọ́ Debian wá, wọ́n á dá a padà fún yín.

Wọ́n ti dá tèmi padà rí. Mo fẹ́ gbé 1.4-2 (ìdì kejì tí mo ṣe lórí 1.4 kan náà) jáde, mi ò rí fáìlì tí mo lò fún 1.4-1 mọ́. Mo ní kò burú, mo wọ inú Git, ibi tí àwọn tó kọ ọ́ ń tọ́jú kóòdù wọn sí, mo tún kóòdù 1.4 kan náà dì. Nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́, mo tú ìdì méjèèjì wò: kóòdù inú wọn bára mu láti òkè délẹ̀. Ìdì gan-an ló yàtọ̀. Tar, irinṣẹ́ tó ń kó fáìlì jọ sínú ìdì kan, máa ń kọ àsìkò tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn àti ẹni tó ni ín, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra náà sì ní tirẹ̀. Gzip, tó ń fún ìdì náà pọ̀ kó lè kéré, tún lè kọ orúkọ àti àsìkò tirẹ̀ sí i lórí. Ohun tó yẹ kí n ṣe ò ju kí n lọ gba èyí tó wà nílé ìkópamọ́ lọ. (Irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ pristine-tar náà wà, tó ń tọ́jú ìyàtọ̀ kékeré yẹn sínú Git.)

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dì í fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín dúró sójú kan, kí tar àti gzip lè máa kọ ohun kan náà nígbà gbogbo:

tar --sort=name --mtime=@1700000000 --owner=0 --group=0 --numeric-owner -cf - eto-1.4 | gzip -n > eto-1.4.tar.gz

Síbẹ̀, ẹ dì í lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2023, Git tuntun tí GitHub (ìkànnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́jú Git wọn sí) gbé wọlé ń fi gzip inú ara rẹ̀ fún fáìlì pọ̀. Kóòdù ò yí padà, ìtẹ̀ka yí padà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn sì dúró títí GitHub fi dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ìtẹ̀ka ò mọ ẹrù rere yàtọ̀ sí búburú. Ní 2024, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀, jáde pẹ̀lú fáìlì kan, build-to-host.m4, tí kò sí nínú Git wọn, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún kóòdù olè. Ìtẹ̀ka ìdì náà pé pérépéré. Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ sọ́fítíwíà, ló fura, nítorí pé SSH (ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn) ń fà ju bó ṣe yẹ lọ. Látìgbà náà, mo máa ń fi ìdì wé Git kí n tó gbà á.

Bí mo bá ní láti yọ nǹkan kúrò nínú ìdì, orúkọ á yí padà pẹ̀lú rẹ̀: 1.4+dfsg (dfsg ń tọ́ka sí ìlànà Debian lórí òmìnira sọ́fítíwíà). Bí àwọn tó ni sọ́fítíwíà bá sì rọra pààrọ̀ 1.4 wọn, mo máa ń kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n pè é ní 1.4.1. Púpọ̀ nínú wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń wò ó.